Sáfà mẹ́ta, iṣẹ́ mọ́kànlá: hypervisor wo ni kí n lò?

Alábòójútó3

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ yan hypervisor, ètò tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé (VM) sínú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Sáfà mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Méjì jọra bí ìbejì: CPU kan náà, core 16, RAM 128 GB lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta fi bí ọdún mẹ́rin dàgbà jù wọ́n lọ, àmọ́ òun náà ní RAM 128 GB. Iṣẹ́ mọ́kànlá ló wà nílẹ̀: domain controller Windows kan (tó ń yẹ orúkọ àti password àwọn òṣìṣẹ́ wò), ètò ìṣirò owó tó jókòó lórí dátábéèsì SQL Server, file server, Linux mẹ́rin tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù, DNS méjì, ímeèlì, àti Windows 2012 àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn torí pé ẹni tó kọ ètò inú rẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Èmi àti àbúrò kan la jọ ń bójú tó gbogbo rẹ̀. A ò ní storage tí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò. Dísìkì kálukú wà nínú ikùn rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé bí sáfà kan bá kú, kí iṣẹ́ má dúró ju wákàtí kan lọ. Kí n lè gba backup (ẹ̀dà ìpamọ́) láìsí wàhálà. Kí n má sì jí lọ́jọ́ kan kí n gbọ́ pé òfin láísẹ́ǹsì ti yí padà. ESXi ọ̀fẹ́, hypervisor ti VMware, ni mo ń lò lórí ọ̀kan nínú wọn. Mo ti kà nípa Proxmox, Hyper-V àti XCP-ng títí orí fi ń fọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, kí sì ni ìdí rẹ̀?

ÀgbàSáfà

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ má tíì mú orúkọ kankan. Bí èèyàn bá béèrè irú èyí, orúkọ ọjà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ dà lé e lórí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé lé e ló yẹ kó sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ẹ mú ètò ìṣirò owó yẹn. Ká ní sáfà rẹ̀ kú ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó làwọn tó ń lò ó lè tún tẹ̀ wọlé? Márùn-ún? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà lódindi? Kí iṣẹ́ má dúró ju wákàtí kan lọ, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Kí dátà má sọnù ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí ẹ bá ní kí ohunkóhun má sọnù rárá, storage àjọlò tàbí dátábéèsì tó ń dà ara rẹ̀ kọ lójú ẹsẹ̀ lẹ máa nílò, kò sí hypervisor tó lè fún yín ní ìyẹn lásán.

Ẹ ṣírò RAM náà. 384 GB lẹ ní lápapọ̀. Bí sáfà kan bá kú, ó ku 256, hypervisor fúnra rẹ̀ á sì jẹ nínú ìyẹn. Bí gbogbo VM yín bá ń jẹ ju bíi 230 lọ, kò sí ibi tí ẹ máa kó wọn sí lọ́jọ́ yẹn, orúkọ yòówù kó wà lójú ẹ̀rọ.

Èyí tó jẹ mí lógún jù: bí ẹ bá wà ní ìsinmi, tí fóònù yín kú, ṣé àbúrò yẹn lè gbé VM kan dìde láti inú backup láìpè yín? Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì bá lè tún ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara yín ni kí ẹ mú. Mo ti rí ètò tó lágbára gan-an tó di ẹrù lọ́rùn ẹni méjì nítorí pé ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n.

ÌyáLinux

Mo fara mọ́ ohun tí ÀgbàSáfà sọ. Kí n wá sọ tèmi, torí ó jọ tiyín: sáfà mẹ́ta, ènìyàn méjì.

Proxmox VE ni mo ń lò. Ilé-iṣẹ́ kan ní Vienna, Austria, ló ń ṣe é, ẹ̀yà 1.0 sì jáde ní 2008. Debian ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. KVM ló ń gbé VM, LXC ló ń gbé container (àpótí Linux tó fúyẹ́ ju VM lọ). Ohun tó mú mi dúró tì í ni pé wọn ò ti ohunkóhun pa mọ́ ẹni tí kò san owó: cluster (sáfà tó para pọ̀ ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan), gbígbé VM láti sáfà kan sí èkejì láì pa á, HA (kí VM fúnra rẹ̀ dìde níbòmíràn bí sáfà bá kú), replication (dída VM kọ sí sáfà mìíràn), backup, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú èyí tí ẹ máa gbà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí owó ọdọọdún ń rà fún yín ni àtúnṣe tí wọ́n ti dán wò jù, àti, bí ìpele tí ẹ rà bá ṣe ga tó, ìrànlọ́wọ́ wọn. Iye CPU inú sáfà ni wọ́n fi ń ka owó náà, wọn kì í ka core. Bí ẹ ò bá san, àkíyèsí kan á máa yọjú nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ ó sì yí repository (ibi tí àtúnṣe ti ń wá) sí pve-no-subscription. Fún iṣẹ́ tí owó ilé-iṣẹ́ gbára lé, ẹ san ti ìpele tó kéré jù, ó kéré tán.

Bí dísìkì yín ṣe rí yẹn, replication ti ZFS, ètò tó ń ṣàkóso dísìkì, ló bá yín mu. Bí ẹ ò bá yí i padà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò máa fi àyípadà VM ránṣẹ́ sí sáfà kejì. Bí sáfà àkọ́kọ́ bá kú, HA á gbé VM náà dìde lórí ẹ̀dà tó dé gbẹ̀yìn. Ohun tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀dà yẹn ti lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín mọ̀ ọ́n ṣáájú. Wọ́n á ní kí ẹ lo Ceph, ètò tó ń sọ dísìkì gbogbo sáfà di storage àjọlò kan. Ó dára, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ nẹ́tíwọ̀kì 10 Gb ó kéré jù, ó sì máa ń pa ẹ̀dà mẹ́ta mọ́ sórí sáfà mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́ta, kò sí ibòmíràn tó lè tún ẹ̀dà kẹta ṣe sí. Ẹ fi í sílẹ̀ títí sáfà yín á fi pọ̀ sí i.

Ohun tí ojú mi rí nìyí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, SSD irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo rà, torí ó fúyẹ́ lápò. Ó ń sáré, inú mi dùn. Ní oṣù kẹjọ, mo ṣí ojú ìwé Disks láti wo nǹkan mìíràn, ni ojú mi bá bọ́ sí ibi tí wọ́n kọ Wearout sí: 71%. Ìkejì rẹ̀, 70%. Méjèèjì ló jọ ń gbó lọ, mirror lorúkọ wọn (ohun kan náà ni wọ́n jọ ń kọ), ọjọ́ kan náà ni wọn ì bá kú. SSD yẹn kò ní capacitor tó ń dáàbò bo ohun tó ń kọ nígbà tí iná bá lọ, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ZFS bá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní tòótọ́, tààrà ló ń kọ ọ́, ìkọ̀wé kékeré sì ń di ńlá nínú rẹ̀. Ẹ ra SSD ti sáfà tó ní power loss protection. Bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ ra méjì dípò mẹ́rin. Ẹ má ra tèmi yẹn.

Ohun kan tí mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ZFS fẹ́ràn RAM. Láti 8.1, ẹni tó bá fi ZFS sílẹ̀ láti inú installer á bá a pé wọ́n ti fi ìdíwọ̀n sí i, ìdá 10% RAM, kò sì ní kọjá 16 GB. Ẹ kà á mọ́ ìṣirò ÀgbàSáfà.

ỌmọWindows

Ẹ má fojú fo Hyper-V o. Mẹ́rin nínú iṣẹ́ yín jẹ́ Windows, ẹ sì ti mọ Windows. Láti Windows Server 2008 ló ti wà níbẹ̀. Hyper-V Replica kò nílò storage àjọlò. Ẹ lè ní kó máa fi àyípadà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30, ìṣẹ́jú 5 tàbí 15. Ẹ kíyè sí i pé Replica kì í fúnra rẹ̀ gbé VM dìde, ènìyàn ló máa tẹ̀ ẹ́. Fún wákàtí kan tí ẹ sọ, ìyẹn tó.

Hyper-V Server tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ parí sí ẹ̀yà 2019, àtúnṣe ààbò rẹ̀ á sì dópin ní oṣù kìíní 2029. Mi ò ní gbé e sórí sáfà tuntun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni láísẹ́ǹsì Windows, mo sì fẹ́ kí ẹni tó mú Proxmox tàbí ESXi gbọ́ ọ dáadáa. Windows tó wà nínú VM nílò láísẹ́ǹsì lórí hypervisor yòówù. Standard tó bo gbogbo core sáfà kan, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí core 16, VM Windows méjì péré ló gbà láàyè lórí sáfà náà. Mẹ́rin, ẹ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí VM bá sì lè ṣí lọ sí sáfà kejì, sáfà kejì náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, nítorí láísẹ́ǹsì kì í ṣí kúrò lórí ẹ̀rọ kan kí ọjọ́ 90 tó pé, àyàfi bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́ pátápátá. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí VM Windows máa rìn káàkiri sáfà mẹ́ta. Ẹ so wọ́n mọ́ méjì.

Ẹ ṣe domain controller (DC) kejì, kí ó wà lórí sáfà ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kà á mọ́ ìṣirò náà. DC kan ṣoṣo nínú cluster tó ń gbára lé DC yẹn láti wọlé, ìdààmú ni.

ỌdúnMẹ́wàáESXi

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi lo ESXi, n kò sì ní bú u. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dán tó o nínú gbígbé VM láti sáfà dé sáfà, vCenter tí wọ́n fi ń ṣàkóso rẹ̀ sì mọ́ra. Ohun tó yí padà ni òfin títà rẹ̀. Broadcom parí rírà VMware ní oṣù kọkànlá 2023. Nínú oṣù kejìlá ọdún kan náà, wọ́n dáwọ́ dúró lórí títa láísẹ́ǹsì àrà-fi-ṣe-tẹni. Subscription (sísan owó láti ìgbà dé ìgbà) ló kù, core ni wọ́n fi ń kà á, CPU tó ní core 8 náà sì máa san bí ẹni tó ní 16. Oṣù kejì 2024 ni wọ́n mú ESXi ọ̀fẹ́ kúrò, ó sì padà dé ní oṣù kẹrin 2025 pẹ̀lú 8.0 Update 3e.

Alábòójútó3, èyí ọ̀fẹ́ tí ẹ ń lò kì í wọ vCenter, VM kan kò lè gba ju vCPU (core àfarawé) 8 lọ, ètò backup kò sì lè gba ọ̀nà API (ẹnu ọ̀nà fún ètò mìíràn) rẹ̀ wọlé ṣiṣẹ́. Fún dídánrawò, ó dára. Fún ètò ìṣirò owó, rárá. Bí ẹ̀yà 7 bá sì ni èyí tó wà lórí rẹ̀, ìtìlẹ́yìn rẹ̀ ti parí ní oṣù kẹwàá 2025. Ẹ wo sáfà tó dàgbà yẹn nínú àkójọ ẹ̀rọ tí wọ́n fọwọ́ sí kí ẹ tó rò pé 8 máa gbà á.

Ìgbà wo ni mo máa ní kí ènìyàn dúró síbẹ̀? Bí ẹni tó ta ètò ìṣirò owó fún yín bá kọ ọ́ sínú ìwé pé orí ESXi tàbí Hyper-V nìkan làwọn ti lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ pè wọ́n lónìí. Ìpè kan yẹn lè parí gbogbo ìjíròrò yìí.

ỌmọXen

Díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. XCP-ng wà fún ẹni tó fẹ́ ohun tó jọ ESXi àti vCenter jù: ẹ fi hypervisor sórí sáfà, ẹ fi Xen Orchestra ṣe àkóso rẹ̀, backup sì wà nínú rẹ̀ láìra ètò mìíràn. Láti ara XenServer ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 2018. Vates, ní Grenoble ní Faransé, ló ń gbé e. Xen fúnra rẹ̀, hypervisor tó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ti wà láti 2003. Ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ á sanwó fún Vates, ẹni tó bá lè kọ́ Xen Orchestra láti inú source á lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tó ti ń há: dísìkì VM tó bá jẹ́ VHD (irú fáìlì tí wọ́n ń fi dísìkì VM pa mọ́ sí) kò lè kọjá 2 TB. File server yín tóbi tó báwo? Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ní láti pín in sí dísìkì méjì. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò sì dùn mọ́ mi.

Kọ́nsóòlù

KVM lásán ńkọ́? Láti Linux 2.6.20 ní 2007 ló ti wà nínú kernel. libvirt fún àkóso, Cockpit fún ojú ìwé, ó parí. Sáfà kan tàbí méjì tí kò nílò cluster, èyí ló mọ́ jù. Fún mẹ́ta tí VM máa ń ṣí láàárín wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ohun tí Proxmox ti kọ tán. N kò dábàá rẹ̀ fún ènìyàn méjì.

OníCluster

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá cluster sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí.

Ní òru ọjọ́ kan, agogo méjì ku díẹ̀, sáfà méjì nínú mẹ́ta mi pa ara wọn, wọ́n tún ara wọn tan. Àárọ̀ ni mo tó mọ̀, torí iṣẹ́ ti padà. Mo rò pé iná ni. Òru kejì, agogo kan náà. Òru kẹta, mo jókòó tì í. Mo ṣí log Corosync (ètò tí àwọn sáfà cluster fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) sí ojú kan, mo ṣí ìwọ̀n nẹ́tíwọ̀kì sí òmíràn. Agogo kan ààbọ̀, backup bẹ̀rẹ̀. Ìlà nẹ́tíwọ̀kì gun òkè dé góńgó, ó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, log bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "link down", "link up", "link down", títí ó fi kọ pé ìbò kò pé mọ́.

Wáyà 1 Gb kan ṣoṣo ni mo fún gbogbo nǹkan. Backup kún un, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí àwọn sáfà fi ń sọ fún ara wọn pé "mo wà láàyè" kò ráyè kọjá. Sáfà tí HA ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bí kò bá rí ìdajì ìbò ó lé, á tún ara rẹ̀ tan kí VM kan náà má baà ṣiṣẹ́ níbi méjì. Ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Èmi ni mo fún un ní ọ̀nà tóóró.

Nítorí náà: wáyà ọ̀tọ̀ àti switch kékeré ọ̀tọ̀ fún Corosync, kí ìdádúró rẹ̀ wà lábẹ́ 5 ms. 1 Gb tó fún un, kò nílò ibú. Ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì yòókù ṣe link kejì. Ẹ dúpẹ́ pé mẹ́ta lẹ ní, torí ẹni tó ní méjì gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ kẹta tí yóò máa fi QDevice dìbò. Bí ọ̀kan bá kú nínú méjì, èyí tó kù kò ní ìbò tó pọ̀ jù.

Alábòójútó3

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

RAM tí VM ń jẹ lápapọ̀: 172 GB. Ẹ̀ka ìṣirò owó ní àwọn lè tún tẹ iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọlé. File server jẹ́ 3 TB ó lé díẹ̀, nítorí náà ẹ ṣeun, ỌmọXen. Mo pe ẹni tó ta ètò ìṣirò owó. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Windows àti SQL Server bá ti jẹ́ ẹ̀yà tí wọ́n mọ̀, hypervisor kò kàn wọ́n, wọ́n sì fi ímeèlì kọ ọ́. ESXi mi, ẹ̀yà 7 ni.

Ìbéèrè tó kù: káàdì RAID (tó ń pa dísìkì pọ̀ di ọ̀kan) wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé ZFS á gbà á? Sáfà àgbà yẹn, ṣé CPU rẹ̀ kò ní dí VM lọ́wọ́ láti kọjá? Báwo ni mo ṣe máa kó Windows wá láìjẹ́ pé ó kọ̀ láti tan?

ÌyáLinux

Káàdì RAID: ẹ yí i sí HBA mode kí ZFS lè rí dísìkì lójúkojú. Bí káàdì náà kò bá gbà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má kó RAID jọ kí ẹ tún wá gbé ZFS lé e. Káàdì á máa fi nǹkan pa mọ́ fún un, ọjọ́ tí dísìkì bá bàjẹ́ lẹ máa mọ̀.

CPU: bí gbogbo wọn bá jẹ́ Intel tàbí tí gbogbo wọn jẹ́ AMD, kò sí wàhálà. Ẹ má yan irú CPU "host" (tó ń fi ohun gbogbo tí CPU sáfà ní han VM) fún VM tó máa ń rìn. Ẹ yan x86-64-v2-AES, kí VM má baà mọ ohun tí CPU àgbà kò ní. "Host" wà fún VM tó máa jókòó sójú kan.

Kíkó Windows wá: láti 8.2 ni Proxmox ti ní ohun tó ń fa VM wọlé tààrà láti ESXi. Ẹ yọ VMware Tools kúrò kí ẹ tó pa VM náà. Ẹ kọ IP rẹ̀ sílẹ̀, torí káàdì nẹ́tíwọ̀kì máa yí padà, Windows á sì rò pé tuntun ni.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣubú ni dísìkì. Bí ẹ bá fi dísìkì tí Windows ti ń tan sórí VirtIO (irú ẹ̀rọ àfarawé tó yára) lójú ẹsẹ̀, ojú aláwọ̀ búlúù lẹ máa rí, torí kò tíì ní dráífà rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa fi dísìkì náà sórí SATA, Windows á tan wẹ́rẹ́. Mo máa fi dísìkì òfìfo 1 GB kan kún un, èyí tó jẹ́ VirtIO SCSI, mo sì máa so ISO dráífà mọ́ ọn. Mo máa fi dráífà sínú rẹ̀, títí Device Manager á fi rí dísìkì kékeré yẹn láìsí àmì ìkìlọ̀ òfeefèé. Mo máa pa á, mo máa yọ dísìkì kékeré, mo máa wá yí ti gidi sí VirtIO SCSI, mo sì máa tún boot order yàn. Ìgbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, wọ́n á rò pé VM ti bàjẹ́.

Windows 2012 yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ lórí SATA àti e1000 (irú káàdì nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́). Kò nílò eré.

ÀgbàSáfà

172, ó wọ inú 256 dáadáa. Ẹ ṣeun tí ẹ ṣírò rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ẹ̀ka ìṣirò owó yẹn, ẹ má fi lé replication nìkan lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí SQL Server fúnra rẹ̀ máa gba transaction log backup (ẹ̀dà àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà dátábéèsì) ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ibi tó yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá pa tábìlì rẹ́ ní àṣìṣe, replication á gbé ìparẹ́ náà dé sáfà kejì láìpẹ́. Log nìkan ló lè dá yín padà sí ìṣẹ́jú kan ṣáájú rẹ̀.

Snapshot, ipò VM tí ẹ fi pa mọ́ ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe backup. Orí dísìkì kan náà ló wà. Ẹ gbé Proxmox Backup Server sórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, kó má jẹ́ VM nínú cluster tó ń pa mọ́. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀rọ tuntun, kó sáà ní dísìkì tó tóbi. Ó máa ń pa ohun tó jọra mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì lè yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ tan verify yẹn. Ẹ̀dà kan sì gbọ́dọ̀ wà níta ilé-iṣẹ́.

Olùṣọ́Ẹnu

Ọ̀rọ̀ ààbò, kíákíá. Ojú ìwé tí ẹ fi ń ṣàkóso hypervisor, yálà port 8006 ti Proxmox tàbí òmíràn, kò gbọ́dọ̀ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejì 2023, àwọn ọ̀daràn ESXiArgs ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ESXi pa káàkiri ayé. Ihò tí a gbọ́ pé wọ́n gbà wọlé, CVE-2021-21974, àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ẹni tó bá gba hypervisor ti gba gbogbo VM inú rẹ̀. Ẹ tan 2FA (ìwọlé onípele méjì). Kí password ẹ̀rọ backup má jẹ́ èyí tó wà nínú domain; ẹni tó bá gba domain yín kò gbọ́dọ̀ lè pa backup rẹ́.

Alábòójútó3

Ẹ kú àdúrótì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, mo padà wá jábọ̀.

Proxmox la mú. Ohun tó jẹ́ kí n mú un kì í ṣe pé ó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àbúrò mi ti mọ Debian dáadáa ṣáájú, mo sì fẹ́ ohun tí òun náà lè tún ṣe. A yí káàdì RAID méjì sí HBA mode, ẹ̀kẹta kò gbà, a pààrọ̀ rẹ̀. Switch kékeré fún Corosync wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, OníCluster, ẹ kú iṣẹ́. VM Windows so mọ́ sáfà ìbejì méjèèjì, DC kejì ti wà.

Mẹ́wàá nínú mọ́kànlá ti kọjá. Ímeèlì ló dà wá láàmú jù: lẹ́yìn tó kọjá, kò lè fi ohunkóhun ránṣẹ́. Wákàtí méjì la fi wá a. Orúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì ló ti yí padà nínú Linux náà, firewall rẹ̀ sì ń dúró de orúkọ àtijọ́. Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí a sọ fún gbogbo ènìyàn, a yọ wáyà iná sáfà kìíní ní ọ̀sán gangan. Mo ń wo aago. Ètò ìṣirò owó padà dìde lórí sáfà kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, a sì pàdánù iṣẹ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlá, tí a fi transaction log dá padà débi tó kù ìṣẹ́jú méjì.

Ọjọ́ kejì, mo fún àbúrò ní bébà kan tí mo kọ "VM wẹ́ẹ̀bù kẹta ti sọnù" sí, mo sì jáde kúrò nínú yàrá pẹ̀lú fóònù mi tí mo ti pa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú Backup Server, ó fún VM náà ní nọ́ńbà tuntun kó má baà tẹ èyí tó wà mọ́lẹ̀, ó tan án láìso nẹ́tíwọ̀kì mọ́ ọn, ó wo inú rẹ̀ kó tó so ó. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Kò pè mí.

File server ló kù. Òru Sátidé la máa gbé e.